Òtútù Ni Òpó Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilẹ̀ Dídì Tí Ó Ń Yọ́ ní Ìpẹ̀kun Àríwá Ayé

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ fún àpèjọ àwọn àgbẹ̀, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Kábà)

Mo kí Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè tí ó wà ní ìjókòó. Mo kí ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ fi oko sílẹ̀ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí. Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, okun o! Okun gbogbo yín o!

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ojú ọjọ́ tí ń yí padà, ó dá mi lójú pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni ọ̀rọ̀ òjò tí kò dé lásìkò mọ́, tàbí ọ̀rọ̀ omi tí ó bo Lọ́kọ́jà ní ọdún 2012, tí ó sì tún bò ó ní ọdún 2022. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ibi tí mo fẹ́ mú yín lọ lónìí jìnnà: ilẹ̀ tí a ń pè ní túńdrà, ní òkè pátápátá ayé, ní àríwá Rọ́ṣíà, Alaska, Kánádà àti Nọ́wè, níbi tí igi kì í ti í ga, tí ilẹ̀ sì dì gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí.

Kí ló kan ará Kábà nínú yìnyín ará Rọ́ṣíà? Mo ti gbọ́ ìbéèrè náà kí ẹ tó bi mí. Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ, tí àgbẹ̀ kan sì ti fi lọ̀ mí ní ẹnu ọ̀nà kí n tó wọlé: ṣé kì í ṣe oore ni ooru jẹ́ fún ẹni tí òtútù ń pa? Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo wá dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé òtútù kì í ṣe ọ̀tá ilẹ̀ náà. Òtútù ni òpó rẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ òtútù kúrò níbẹ̀ kò mú ìgbádùn wá fún àwọn ará ibẹ̀. Ó yọ òpó ilé ni.

Kànga tí kò kan omi

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa mọ̀, èyíinì ni kànga gbígbẹ́. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga ní agbègbè wa yìí mọ̀ pé ìdààmú rẹ̀ ni àpáta. Ní ọdún 1828, oníṣòwò kan ní ìlú Yakutsk ní Sàìbéríà, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Fyodor Shergin ni orúkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga sí àgbàlá nítorí ó ń wá omi mímu. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kàn dì. Wọ́n gbẹ́ ẹ síwájú, ó ṣì dì. Wọ́n tún gbẹ́ ẹ síwájú, dídì náà ni. Iṣẹ́ náà ń bá a lọ títí di ọdún 1837, nígbà tí kànga náà ti jìn ju mítà 116 lọ, ilẹ̀ dídì náà kò sì tíì tán. Omi kò yọ. Ní ọdún 1844, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Middendorff dé ibẹ̀, ó sọ òṣùwọ̀n òtútù sínú kànga Shergin, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ní ipele kọ̀ọ̀kan. Nípasẹ̀ kànga tí kò wúlò fún olówó rẹ̀ ni ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ilẹ̀ lè dì títí dé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé ó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn ibòmíràn ní Sàìbéríà, tí ó lè ju mítà 1,000 lọ.

Ilẹ̀ tí ó bá dì, tí kò sì yọ́ fún ó kéré tán ọdún méjì léra wọn, ni àwọn onímọ̀ kà sí ilẹ̀ dídì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Agbègbè tí a ti ń rí i fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní ìlàjì àríwá ayé. Orí rẹ̀ nìkan ni ó máa ń yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ìyẹn ìgbà ooru, níbì kan kò ju ìwọ̀n apá lọ, níbòmíràn ó lè tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò sì tún dì padà bí òtútù bá dé. Inú ìpele tín-ín-rín yìí ni gbogbo ohun tí ń hù ní túńdrà ń gbé: koríko, àwọn igi kéékèèké tí kò ga dé orúnkún, àti àwọn ohun ọ̀gbìn tí ń lẹ̀ mọ́ òkúta, irú èyí tí ẹ ń rí ní àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ewé lára àwọn àpáta wa ní Ọ̀gìdì.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Òjò àti yìnyín tí ń bọ́ sórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ túńdrà láàárín ọdún kan gbáko kò ju mìlímítà 150 sí 250 lọ. Òjò tiwa ju mìlímítà 1,000 lọ dáadáa lọ́dún. Síbẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi wà níbi gbogbo níbẹ̀: adágún, àbàtà, ẹrẹ̀. Kí ló fà á? Omi kò rí ibi rì sí ni, nítorí ilẹ̀ dídì tí ó wà nísàlẹ̀ dí i lọ́nà. Bí ilẹ̀ náà bá wá yọ́ tán, adágún kan lè gbẹ níbi tí ó ti wà láti ayébáyé, kí òmíràn sì là níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ kò jẹ́ ilẹ̀ mọ́

Láti ọdún 1979, ìpẹ̀kun àríwá ayé ti ń móoru ní ìlọ́po tí ó sún mọ́ mẹ́rin ju bí gbogbo ayé ṣe ń móoru lọ. Ìdí kan ni pé yìnyín funfun máa ń da ìtànṣán oòrùn padà sí òkè. Bí yìnyín bá sì ti lọ, omi àti ilẹ̀ dúdú tí ó kù yóò máa gba ooru náà sára, ooru yóò sì bí ooru. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2020, ní ìlú Verkhoyansk ní Sàìbéríà, tí ó wà lára àwọn ibi tí òtútù rẹ̀ le jù lọ láyé, ooru dé ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru Lọ́kọ́jà nìyẹn o! Àjọ tí ń rí sí ojú ọjọ́ lágbàáyé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2021.

Kí ni ooru ń ṣe sí ilẹ̀ dídì? Ẹ rántí igò epo pupa ní àárọ̀ ọyẹ́. Epo náà dì, ṣíbí sì dúró nínú rẹ̀ láìṣubú. Ẹ gbé e sí oòrùn, ṣíbí náà yóò dùbúlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní àríwá Sàìbéríà, yìnyín gan-an ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń pè ní ilẹ̀ yẹn, iyẹ̀pẹ̀ kàn wà láàárín rẹ̀ ni. Bí yìnyín bá yọ́ tí omi rẹ̀ sì ṣàn lọ, ohun tí ó wà lórí rẹ̀ yóò rì, ìbáà ṣe ilé, ìbáà ṣe ọ̀nà, ìbáà ṣe igbó.

Àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí àwa tí a ń gé igi tẹ́tí sí dáadáa ni ti Batagaika, ní agbègbè Verkhoyansk kan náà, ní ìhà gúúsù túńdrà níbi tí igi ti ń ga. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970 ni wọ́n gé igbó kan níbẹ̀. Ìbòòji igi lọ, oòrùn kan ilẹ̀ ní tààrà, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Lónìí, kòtò náà gùn tó kìlómítà kan, ó jìn ju mítà 50 lọ, ó sì ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Àwọn kan níbẹ̀ ń pè é ní ẹnu ọ̀nà ayé ìsàlẹ̀. Apá kan ilẹ̀ dídì tí ó hàn ní ẹ̀gbẹ́ kòtò náà ti dì fún nǹkan bí 650,000 ọdún. Ìgbà kúkúrú tí a fi gé igi ti tó láti jí ohun tí ó ti sùn láti ìgbà yẹn. Àwa náà rí bí àgbàrá ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí a bá ti gé igbó tán, ṣùgbọ́n àwa lè gbin igi padà kí ó sì mú ilẹ̀ ró. Ní tiwọn, yìnyín tí ó ti yọ́ kò ní gbìn. A máa ń tu ọlọ́fọ̀ nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Níbẹ̀, agbè gan-an ni ó ń fọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, mo mọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín: ilẹ̀ tí ó bá ti yọ́, ṣé a kò lè fi dá oko? Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Ní agbègbè Churapcha, ní Yakutia tí ìlú Yakutsk wà, wọ́n pa igbó, wọ́n sì dá oko. Yìnyín tí ó wà lábẹ́ oko náà yọ́ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ rì ní ibì kan, ó ga ní ibòmíràn, títí oko fi di kìkì ebè ńláńlá tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Katakata kò ríbi gbà mọ́. Wọ́n fi àwọn oko kan sílẹ̀. Ibì kan lè wà ní ìhà gúúsù tí ooru yóò ṣe oko láǹfààní, n kò jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé túńdrà ń yọ́ láti di oko iṣu.

Ìtàn Newtok ni ó wọ̀ mí lára jù. Abúlé kékeré ni Newtok jẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn Alaska, àwọn ẹ̀yà Yup'ik ni wọ́n ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò ju nǹkan bí 350 ènìyàn lọ. Odò Ninglick bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bèbè wọn nítorí pé ilẹ̀ tí ó dì tẹ́lẹ̀ ti yọ́, kò sì lè dúró níwájú omi mọ́. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rì, afárá onígi tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Wọ́n jíròrò fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n yan ibùdó mìíràn tí ń jẹ́ Mertarvik ní òdìkejì odò, wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì dúró. Ọdún 2019 ni àwọn ìdílé àkọ́kọ́ tó ṣí lọ.

Àwa ọmọ Okun mọ ohun tí ṣíṣí ìlú túmọ̀ sí. Nígbà ogun Nupe, àwọn baba ńlá wa gun orí òkè lọ sá pamọ́ sí àárín àpáta, nígbà tí ogun sì rọlẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí púpọ̀ nínú wa ń gbé lónìí. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí ń lé wọn, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó padà lẹ́yìn wọn. Ta ni ará Newtok yóò bá ṣe àdéhùn àlàáfíà?

Ẹran, ẹyẹ àti ewéko

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí ènìyàn, kí a wo àwọn ẹ̀dá yòókù. Àwòrán tí a ń yà láti ojú sánmà fi hàn pé ewé tútù yọ̀yọ̀ ti ń pọ̀ sí i ní ọ̀pọ̀ ibi ní túńdrà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Igi kéékèèké ń ga, wọ́n sì ń tàn ká. Ó dùn gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n igi wọ̀nyí a máa mú yìnyín ró ní ìdí wọn nígbà òtútù, yìnyín náà á sì bo ilẹ̀ bí aṣọ, tí òtútù kò fi ní lè wọlé dáadáa láti tún ilẹ̀ dì. Ibòòji wọn ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a kò lè ṣàì sọ ìyẹn. Ẹranko beaver, tí ń fi eyín gé igi tí ó sì ń fi sé odò, ti ń tẹ̀lé igi náà wọ túńdrà Alaska, gbogbo ibi tí ó bá sì ti sé omi, omi náà á yọ́ ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àgbọ̀nrín tí wọ́n ń pè ní reindeer ni ẹran ọ̀sìn àwọn ẹ̀yà Nenets ní Yamal, ní àríwá Rọ́ṣíà, gẹ́gẹ́ bí màlúù ṣe jẹ́ fún Fúlàní. Nígbà òtútù, ó máa ń fi pátákò wa yìnyín kí ó lè jẹ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, òjò rọ̀ níbi tí ó yẹ kí yìnyín rọ̀. Omi náà dì lórí ilẹ̀, ó le bí àwo. Ẹran kò lè wa á. Nǹkan bí 61,000 àgbọ̀nrín ni ebi pa. Ẹ tún un gbọ́: kì í ṣe òtútù ni ó pa wọ́n, òtútù tí kò tó ni.

Ẹyẹ kan sì wà tí ó so ilẹ̀ náà mọ́ tiwa. Red knot ni wọ́n ń pè é, ẹyẹ etí òkun ni. Àwọn kan lára wọn ń yé ẹyin ní Taimyr, ní àríwá Sàìbéríà, bí òtútù bá sì dé, wọn a fò wá sí etí òkun Mauritania, ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa níbí. Àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2016 lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti kó iye tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún jọ. Yìnyín Taimyr ń tètè yọ́, àwọn kòkòrò tí ọmọ ẹyẹ ń jẹ ń tètè yọjú, kí ọmọ ẹyẹ sì tó là nínú ẹyin, àsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wọn kò rí jẹ yó, wọn kò dàgbà tó, ẹnu wọn kúrú. Nígbà tí wọ́n bá dé Mauritania, ìṣáwùrú tí wọ́n ń jẹ ti rì sínú iyanrìn ju ibi tí ẹnu wọn lè dé lọ, ọ̀pọ̀ wọn a sì kú. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kú sí, Sàìbéríà ni ohun tí ó pa wọ́n wà.

Ohun tí ilẹ̀ gbé mì

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ohun tí ó bá kú lórí ilẹ̀ tiwa, ewé ni tàbí ẹran, yóò jẹrà láìpẹ́, nítorí kòkòrò àìfojúrí kì í sinmi nínú ooru. Ní ilẹ̀ dídì, kò jẹrà. Ní ọdún 2007, wọ́n rí ọmọ mammoth kan ní Yamal, erin onírun ayé àtijọ́ tí kò sí mọ́. Awọ rẹ̀ àti ìfun rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn nǹkan bí 42,000 ọdún.

Àìjẹrà yìí ní ewu. Nígbà ooru ọdún 2016, ní Yamal kan náà, àrùn anthrax bẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó fà á ni òkú ẹran tí àrùn náà ti pa sẹ́yìn, tí ilẹ̀ dídì sì ti pa mọ́ títí ilẹ̀ fi yọ́. Ó lé ní 2,000 àgbọ̀nrín tí ó kú, ọmọkùnrin ọlọ́dún méjìlá kan sì kú pẹ̀lú. Wọ́n ti dá abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹran dúró ní ọdún 2007 nítorí wọ́n rò pé àrùn náà ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn, ẹ gbọ́ o.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó tóbi jù lọ kò ní àrùn nínú. Ewé, gbòǹgbò àti ẹran tí kò jẹrà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kábọ́ọ̀nù, èròjà tí ó wà nínú èédú, ni ó kún inú wọn. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé nǹkan bí bílíọ̀nù 1,500 tọ́ọ̀nù rẹ̀ ni ó wà nínú ilẹ̀ dídì àríwá, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú gbogbo afẹ́fẹ́ ayé. Bí ilẹ̀ bá yọ́, kòkòrò àìfojúrí yóò jí, yóò jẹ ẹ́, yóò sì mí i síta. Níbi tí ilẹ̀ bá gbẹ, á jáde gẹ́gẹ́ bí gáàsì carbon dioxide. Níbi tí omi bá rogún sí, á jáde gẹ́gẹ́ bí gáàsì methane, tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti èkejì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 28 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní Alaska, àwọn onímọ̀ a máa lu ihò sí ojú adágún tí ó dì, wọn a ṣáná sí i, iná á sì sọ lala.

N kò fẹ́ dá ẹ̀rù bà yín. Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé bọ́ǹbù ni, pé yóò bú gbàmù lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Jíjò ni yóò máa jò, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, bí ayé bá sì ṣe gbóná tó ni yóò ṣe jò tó. Ní ìparí ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó òkun àti ojú ọ̀run, NOAA, kéde pé bí a bá ka iná tí ń jó igbó àríwá mọ́ ọn, túńdrà tí ń fa kábọ́ọ̀nù mọ́ra láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ti di èyí tí ń tú u síta. Afẹ́fẹ́ tí ó ń tú u sí kò ní ààlà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́ o: kì í ṣe yìnyín Sàìbéríà ni ó bo Lọ́kọ́jà. Òjò àti odò méjì tí ó pàdé ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ooru tí ń yọ́ ilẹ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ooru tí ń da òjò tiwa rú, bí ilẹ̀ wọn bá sì yọ́, yóò fi kún ooru náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, nítorí pé àgbẹ̀ pọ̀ nínú wa. Ní erékùṣù Svalbard ti Nọ́wè, wọ́n gbẹ́ ilé ìpamọ́ kan sínú òkè tí ó dì, wọ́n ṣí i ní ọdún 2008, ibẹ̀ sì ni orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń kó irúgbìn pamọ́ sí. IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí ó wà ní Ìbàdàn, náà kó irúgbìn lọ síbẹ̀, ẹ̀wà wà lára rẹ̀. Wọ́n yan ibẹ̀ nítorí pé bí iná mànàmáná bá tilẹ̀ lọ, òtútù inú òkè yóò ṣì ṣọ́ irúgbìn náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, òjò rọ̀ níbi tí wọn kò retí rẹ̀, ilẹ̀ àyíká ẹnu ọ̀nà yọ́, omi sì wọ inú ọ̀nà àbáwọlé. Kò dé ọ̀dọ̀ irúgbìn, wọ́n sì ti tún ọ̀nà náà ṣe kí omi má bàa lè wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ ọ kò fọkàn sí i pé wọn yóò ní láti bá omi jà níbẹ̀.

Ìbéèrè kan láti ọ̀dọ̀ àwọn olùgbọ́

Bàbá kan dìde, wọ́n ní: «Olùkọ́, ṣé wọn kò lè tún ilẹ̀ náà dì padà?»

Ẹ ṣeun, bàbá. Wọ́n ń ṣe é, ṣùgbọ́n ní ibi kéékèèké. Ọ̀nà epo rọ̀bì tí ó la Alaska já láti ọdún 1977 gùn tó kìlómítà 1,287. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì rẹ̀ tí wọ́n gbé sórí òpó irin kí ooru epo má bàa yọ́ ilẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá tí ń fa ooru jáde láti inú ilẹ̀ sínú púpọ̀ nínú àwọn òpó náà. Ní Yakutsk, wọ́n ń kọ́ ilé sórí òpó kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn gba owó, ó sì ṣeé ṣe fún ilé kan tàbí fún ọ̀nà epo kan. Kò sí ẹni tí ó lè ri ọ̀pá bọ gbogbo túńdrà. Ohun tí ó lè dáwọ́ yíyọ́ dúró ní ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni kí afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ má ṣe gbóná sí i mọ́. Èyí sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń sun epo, èédú àti gáàsì jù lọ, ó sì wà lọ́wọ́ tiwa náà díẹ̀, nítorí a kò lè máa ta epo lọ́dọọdún kí a sì sọ pé a kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gba ìbéèrè ìyá tí ó nawọ́ ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn.